Ìyàwó Tí Wọ́n Ní Kì Í Jẹran

Kò sí ẹran tí Djamilatou kò mọ̀ ọ́n jẹ nígbà tó wà lọ́mọge ní Bassila. Sànní, bàbá rẹ̀, a máa dẹ pàkúté káàkiri igbó tó wà láàárín Bassila àti Pénéssoulou, àwọn ọ̀yà ibẹ̀ sì mọ orúkọ rẹ̀ débi pé wọ́n ń fi dẹ́rù ba ọmọ wọn. Bí eegun bá bọ́ sí Djamilatou lọ́wọ́, ajá ilé á dìde, á gbọn eruku ara nù, á lọ wá oúnjẹ síbòmíràn, torí ó ti mọ̀ pé kò sí ohun tó máa kù fún òun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fà lé ọkọ lọ́wọ́ ní Manigri, láyé àwọn Faransé, nígbà tí kọ̀máǹdà ṣì ń gba owó orí lọ́wọ́ gbogbo ohun tó bá ń mí.

Ọkọ rẹ̀, Kassimou, àgbẹ̀ oníṣu ni. Odindi ọdún mẹ́ta ló fi ro oko fún Sànní kí wọ́n tó fún un níyàwó, gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin tó bá mọ ohun tó ń wá ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ebè tó kọ fún àna rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn lè máa fò láti orí ọ̀kan sí orí èkejì títí dé Porto-Novo, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀.

Nílé tí wọ́n ti bí Djamilatou, ìyàwó tuntun kì í ṣàdédé nawọ́ gba ẹran lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Wọ́n á gbé e fún un, á ní òun kì í jẹ ẹ́. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á ní rárá. Wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́, àwọn obìnrin á máa ki orílẹ̀ rẹ̀, àwọn ọkùnrin á máa rẹ́rìn-ín sínú agbádá, ìgbà yẹn ni yóò wá fi ìka méjì mú un bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ìtẹríba ni. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹran náà ò ní pẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tó dé Manigri, nígbà tí Ìyá Rabiatou, ìyá Kassimou, gbé iyán kalẹ̀, tó sì gbé ọbẹ̀ tì í pẹ̀lú itan awó kan tó tóbi tó ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́, Djamilatou mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe.

"Jẹun, aya mi," ni Ìyá Rabiatou wí.

Djamilatou tẹrí ba. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Mi ò kì í jẹran."

Ó wá ń retí ẹ̀bẹ̀. Ó ti fojú wo ibi tí òun yóò ti kọ́kọ́ gé itan náà jẹ. Itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀, á tú u sí wọn lára.

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Rabiatou gbé ọwọ́ láyà. "Àṣé èèwọ̀ ilé yín ni. Aya mi, má bínú sí wa, a ò mọ̀ ni." Ó gbé abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé ejò.

Nínú agbo ilé yìí, wọn kì í fi èèwọ̀ ìyàwó ṣeré. Bí obìnrin bá ti ní òun kì í jẹ nǹkan, wọn kì í bi í lẹ́ẹ̀kejì, torí lójú tiwọn, ẹni tó bá tún un béèrè ń fi ilé bàbá obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Djamilatou ò mọ̀. Itan awó náà lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Rabiatou ti ra ìkòkò tuntun, ṣíbí tuntun àti ọlọ tuntun, kí òórùn ẹran kankan má baà kan oúnjẹ ìyàwó. Ó ké sí gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n ṣọ́ra. Àwọn ọdẹ tó ń gbé ẹran gbígbẹ bọ̀ láti Doguè, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn ìlú. Maïmouna, aládùúgbò wọn tó ń ta ẹran yíyan, gbé ààrò rẹ̀ sí ibi tí èéfín ti ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì jà débi pé wọn ò kí ara wọn mọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kò gbọ́ràn sí Ìyá Rabiatou lẹ́nu, ìyẹn náà sì gbọ́ èébú.

Èyí tó wá burú jù ni pé Ìyá Rabiatou fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú ẹran. "Mi ò lè jókòó tì ọ́ kí n máa họ eegun," ó ní, "kí ìwọ máa dá jẹ ewé bí ewúrẹ́. Ohun tí o bá ń jẹ la jọ máa jẹ." Kassimou tí ẹran wù a máa lọ jẹ tirẹ̀ níta, á sì ṣan ẹnu kó tó wọlé bí ẹni tó jalè.

Djamilatou ìbá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní, ojú ń tì í. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ra ìkòkò. Nígbà tí oṣù yí po, ó ti di pé kó lọ bá obìnrin tó bá ìdajì Manigri jà nítorí rẹ̀, kó wá sọ fún un pé eré ni. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Bí Iléyá bá dé, á ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, á fi imú sí ibi tí ògiri ti là, á sì máa fa òórùn àgbò aládùúgbò sínú bí ẹni ń fa aáṣáà. Àwọn ará ilé á máa yìn ín pé ẹ wo bó ṣe ń pa èèwọ̀ mọ́ tó.

Síbẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun. Kò sí ewé tí Ìyá Rabiatou kò wá kiri nítorí rẹ̀. Ẹ̀fọ́ yánrin lónìí, ewé oṣè lọ́la, ìṣápá lọ́túnla, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, irú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè, wàrà tó ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní títí àwọn màlúù fi ń wò ó pẹ̀lú ìfura. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ń jẹ àjẹkù nílé ọkọ. Djamilatou ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún, ó sì ń dúpẹ́ tọkàntọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń lá àlá ọ̀yà.

Ó bí Wassiou, ó sì fún un lọ́mú títí ọmọ náà fi sanra bí àgbá. Kò pẹ́ tó gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ tí oyún mìíràn tún dé. Ìgbà yìí ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún un. Bó bá pọn omi dé ẹnu ọ̀nà, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì bí ẹni tí ológun ń lé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí èlùbọ́. Orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, ohun kan ṣoṣo tó sì wá ń wù ú jẹ ni amọ̀. Kò jẹ amọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà o. Ògiri yàrá ni.

"Ìyá Wassiou," ni Kassimou wí lọ́jọ́ kan tó wọlé bá a, "ṣé o fẹ́ jẹ ilé yìí tán kí òjò tó dé ni?"

"Díẹ̀ ni mo bù."

"Díẹ̀ kẹ̀? Mo ti ń rí àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò láti orí ẹní."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìyàwó òun ò lè dìde láì di òpó mú, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó forí lé Bassila. Ìyá Rabiatou ní òun ò lè dúró nílé. Ó ká aṣọ lọ́wọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ á gbà pé òun ló kọ́kọ́ dé.

Ní ilé ìwòsàn, Mamoudou ló dá wọn lóhùn. Olùtọ́jú aláìsàn ni, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ń pè é ní dókítà, òun náà kì í sì í bá wọn jiyàn. Ó fa ìpéǹpéjú Djamilatou wálẹ̀, ó wò ó, ó pòṣé. Ó gún un níka, ó fi tákàdá funfun kan fa ẹ̀jẹ̀ tó yọ, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tákàdá mìíràn tí wọ́n ya oríṣiríṣi àwọ̀ pupa sí, láti orí èyí tó pupa bí epo dé orí èyí tó kàn dà bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ epo. Ti Djamilatou bọ́ sí ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó," ó ní. "Bó bá rọbí báyìí, tí díẹ̀ bá tún dànù nínú èyí tó ní, mi ò lè ṣèlérí pé yóò dìde. Kí ló ń jẹ?"

"Ohun tí mò ń jẹ ló ń jẹ," ni Ìyá Rabiatou dáhùn. "Gún èmi náà kí o wò ó."

Mamoudou gún un. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Rabiatou jáde pupa rokoṣo, ó dọ́gba pẹ̀lú àwọ̀ tó wà nítòsí òkè. Ìyá Rabiatou wo tákàdá tirẹ̀, ó wo ti ìyàwó rẹ̀, ojú sì tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

"Mi ò jẹ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ o, dókítà. Mo fi Kùránì búra."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ta ló ń mu nínú ẹ̀jẹ̀ tiyín?"

"Ta ni yóò mu ún? Ọkọ mi ti lọ, ọmọ mi ti hu irùngbọ̀n."

"Ẹ ò rí nǹkan. Nǹkan oṣù yín ti dúró, ẹ ò lóyún, ẹ ò fọ́mọ lọ́mú. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pupa, irin ni. Èyí tó wà nínú ewé àti ẹ̀wà, díẹ̀díẹ̀ lara ń gbà á, díẹ̀díẹ̀ yẹn sì tó yín. Ọmọ kan ti mu tirẹ̀ lára ìyàwó yín, òmíràn ń mu lọ́wọ́. Irin inú ẹran ni ara ń tètè gbé, pàápàá ẹ̀dọ̀. Bí kì í bá ṣe ewé tí ẹ̀ ń sè fún un ni, kì bá tí dé ọ̀dọ̀ mi rárá. Ṣùgbọ́n ewé nìkan kò lè bá a dé ibi tó ń lọ yìí."

"Irin," ni Ìyá Rabiatou wí. "Irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù?"

"Irin kan náà ni, ṣùgbọ́n bí-ín-tín. Kó jẹ ẹ̀dọ̀."

"Èèwọ̀ wọn ni ẹran."

Mamoudou yíjú sí Djamilatou. Djamilatou la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ tán nígbà tí Ìyá Rabiatou kúnlẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, níwájú ọmọkùnrin tí kò tó ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wá ọ̀nà mìíràn fún wa. Ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ tòun ti oyún nínú, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọmọ mi ni." Djamilatou rí i lórí ìkúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pa dé fúnra rẹ̀.

Mamoudou ní hóró oògùn irin wà lóòótọ́, àmọ́ ó ti tán, ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ láti Djougou sì wà nínú ẹrẹ̀ níbì kan. Kó tó dé, ó ní kó fi ògiri sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ọ, torí amọ̀ kì í jẹ́ kí irin oúnjẹ ráyè wọ ara. Kí wàrà má bá ewé pàdé nínú ìkòkò kan náà. Kó máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, torí ohun kíkan máa ń ran irin ewé lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n mi ò purọ́ fún yín," ó ní. "Mi ò mọ̀ bóyá ó máa tó."

Láti Bassila dé Manigri, ọ̀rọ̀ irin nìkan ni Ìyá Rabiatou ń dá sọ. Nígbà tó délé, ó yọ ojú ọkọ́ Kassimou kúrò lára ẹrúkọ́, ó fi eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán bí dígí, ó sì jù ú sínú ọbẹ̀ ìṣápá. Bí irin bá kéré lára ìyàwó, tí irin sì wà nílé, kí ni wọ́n ń dúró dè? Láti ọjọ́ náà, bí ọbẹ̀ bá ti ń hó, á máa dún kọ́ń, kọ́ń, kọ́ń, àwọn tó ń kọjá á sì máa béèrè ẹni tó gbé ilé alágbẹ̀dẹ wá sínú agbo ilé.

"Ó dùn?" ni Ìyá Rabiatou á bi í.

"Ó dùn, Ìyá."

"Má fi eyín gé e o."

Mamoudou gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá họ orí, ó ní ìṣápá máa ń kan, bóyá ó lè bó díẹ̀ lára irin náà, òun ò kàn ní fi ẹ̀mí ènìyàn gbára lé ọkọ́. Oyún ń ga sí i, Djamilatou sì ń funfun.

Ìròyìn dé etí Sànní pé ara ọmọ òun ò yá. Ó gbéra láti Bassila, ó dé ní ọ̀sán gangan. Ìyá Rabiatou ò lè ṣe é bí ẹni rí àlejò lásán: àna ni, bàbá ìyàwó tó níyì jù lọ ní Manigri. Ó gún iyán tó funfun bí òwú, ó sì bu ọbẹ̀ láti inú ìkòkò èèwọ̀ gan-an, kó lè mọ̀ pé wọ́n ń bọlá fún ilé òun.

Sànní wẹwọ́, ó ṣe bísímílà, ó ti òkèlè bọ ọbẹ̀. Kò rí ẹran. Ó rò pé ìsàlẹ̀ ló wà, bí wọ́n ṣe máa ń fi tàgbà pamọ́. Ó wá ìsàlẹ̀. Kọ́ń. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ojú ọkọ́ yọ, ó gbé e sí etí abọ́, ó sì ń wò ó.

"Ìyá Kassimou," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tí inú ń bí gan-an, "mo ti gbọ́."

"Kí lẹ gbọ́, Bàbá?"

"Ohun tí ẹ fi sínú ọbẹ̀. Kassimou ro oko mi fún ọdún mẹ́ta. Ní báyìí, ara ọmọ mi ò yá, ẹ wá rí i pé kò tó iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí rẹ̀, ẹ ní kí n wá ro tiyín padà. Ẹ lè fi ẹnu sọ ọ́ fún mi. Mo ti dàgbà, mo ń gbọ́ èdè. Kí wọ́n se ọkọ́ fún àna láìsí ẹran, mi ò gbọ́ ọ rí láti Alédjo títí dé ibi tí mo jókòó sí yìí."

Kassimou ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ má bínú. Oògùn ni ọkọ́ náà."

"Ẹran tí mi ò rí ńkọ́? Òun náà, oògùn ni?"

"Èèwọ̀ yín la bọ̀wọ̀ fún," ni Ìyá Rabiatou wí, omijé sì ti dé ojú rẹ̀.

"Èèwọ̀ wo?"

"Ẹran tí ẹ kì í jẹ."

Sànní wo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì ni. "Èmi Sànní? Ẹ lọ béèrè mi lọ́wọ́ ọ̀yà."

Gbogbo ojú yí sí Djamilatou. Irọ́ mìíràn wà ní àrọ́wọ́tó: pé èèwọ̀ ilé ìyá ni, pé àlá ló kìlọ̀ fún òun. Ọmọ inú rẹ̀ sì ta ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kékeré tí kò lágbára. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, mo ń jẹran. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, ìtẹríba ni mo ṣe. Mo rò pé ẹ máa bẹ̀ mí ni."

"O rò pé a máa bẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O sì ń retí ẹ̀bẹ̀ láti ìgbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá Rabiatou wá ibi kan jókòó. "Mo bá Maïmouna jà nítorí èéfín."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Mo lé ọdẹ. Mo bú afẹ́fẹ́. Ẹran Iléyá lọ́dọọdún, mò ń wò ó bó ṣe ń kọjá lọ níwájú mi bí ọkọ̀ kọ̀máǹdà."

Sànní bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ gbé e mì, kò ṣe é gbé mì. "Ẹjọ́ mi ni," ó ní. "A kọ́ ọ nílé jù."

Ìyá Rabiatou kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì jáde. Djamilatou gbà pé ó ti tán, pé ó ń lọ pe àwọn àgbà ilé kí wọ́n wá gbọ́ irú ìyàwó tí wọ́n fẹ́. Àṣé ọ̀dọ̀ Maïmouna ló gbà lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó dúró síwájú ààrò náà, ó ní, "Maïmouna, ìwọ lo jàre. Fún mi ní ẹ̀dọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́." Maïmouna ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó pọ́n ẹ̀dọ̀ tó dára jù sínú ewé, ó sì bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Rabiatou gbé abọ́ náà síwájú Djamilatou, ó jókòó tì í nílẹ̀, orúnkún kan orúnkún.

"Jẹ ẹ́, aya mi," ó ní. "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ọmọ Sànní, jọ̀ọ́. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo jẹ ọ́ láti ọjọ́ yẹn, mo ń san án. Ṣé kí n tún bẹ̀ ẹ́?"

"Ó tó, Ìyá," ni Djamilatou wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò já gaara, ẹnu rẹ̀ ti kún. Ó ń jẹ, ó ń sunkún.

"Sún díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ náà sí ọ̀dọ̀ mi," ni Ìyá Rabiatou wí. "Èmi náà kì í ṣe igi."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹran Manigri bá ní ẹ̀dọ̀, Djamilatou ló ni ín. Sànní ń fi ọ̀yà ránṣẹ́ títí igbó Pénéssoulou fi dákẹ́ rọ́rọ́. Ewé àti ẹ̀wà ò kúrò nídìí ààrò, ọsàn wẹ́wẹ́ ò kúrò lára wọn, ọkọ̀ oògùn náà sì bọ́ nínú ẹrẹ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Nígbà tí Mamoudou tún gún un níka, àwọ̀ tákàdá ti gòkè. Kò tíì dé ibi ti Ìyá Rabiatou, ṣùgbọ́n Mamoudou rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Bassila, lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, ló bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Hàfísátù. Ẹ̀jẹ̀ dà, ó ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Mamoudou tẹ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí òógùn fi bo ojú rẹ̀, Kassimou wà níta tó ń yí ilé ìwòsàn ká bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dúró, Djamilatou lajú, ó ní ebi ń pa òun. Mamoudou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Rabiatou wẹ ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣé," ni Djamilatou wí. "Ewé yín, ẹ̀bẹ̀ yín, gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣé."

"Dákẹ́. Èmi ló yẹ kí n máa dúpẹ́." Ó nu omi lára ọwọ́ rẹ̀. "Bí o bá ti lọ, tí bàbá ẹ bi mí pé kí ló pa ọmọ òun, kí ni ǹ bá wí? Pé ìtẹríba ni?"

Djamilatou fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikùn ń ro ó, ó di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Ọmọ náà ti rí ọmú, ó sì ti ń mu.